Fẹ́ Ẹ, Kí O Sì Sinmi

Igi ìdáná ti tutù nítorí òjò, èéfín sì bo ilé ìdáná Ìyá Julianah ní Ìwàrà. Jọmílójú, ọmọ ọmọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò, ó ń fẹnu fẹ́ná láìdúró. Ó ti gbàgbé ohun tí ìyá àgbà máa ń wí: fẹ́ ẹ, kí o sì sinmi. Kò pẹ́ tí òòyì fi kọ́ ọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri, ló bá fìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ìyá àgbà kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ta ni òòyì iná fífẹ́ ò kọ́ rí? Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ẹkún náà ti kọjá ti iná, ó fà á mọ́ra, ó ní kó sọ tinú rẹ̀.

"Màmá, bó ṣe máa ń ṣe mí nìyí tí wọ́n bá ti pín ìbéèrè ìdánwò. Mo fìdí rẹmi nínú èyí tí a ṣe lóṣù tó kọjá. Mi ò sọ fún yín."

Ìdánwò àṣejáde ku ọ̀sẹ̀ méjì. Phebe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ní ayé ló ń bá a jà, kó má wulẹ̀ ṣe é mọ́, kí àwọn méjèèjì lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ n'Íléṣà. Jọmílójú gbà. Ó ti kó àwọn ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó sì ti so ó lẹ́nu.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ni ìyá àgbà wí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àrùn kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀, tíṣà báọ́lọ́jì ní ilé ìwé ọmọ náà. Ó bi Jọmílójú bó ṣe ń mí nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Jọmílójú ní gúlegúle ni.

"Afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta kì í ṣe pàǹtírí lásán," ni tíṣà wí. "Ara wa ló ń ṣe é, òun ló sì ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ṣí dáadáa. Tí o bá ń mí gúlegúle, ò ń lé e jáde jù. Iṣan á fún, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ tó, òòyì á dé. Rọra máa mí, yóò padà bọ̀ sípò."

Ìyá àgbà wo ọmọ ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ọ̀rọ̀ ìdí ààrò náà ni."

Nígbà tí wọ́n délé, Jọmílójú tú àpò ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, bí ìbéèrè ṣe dé orí tábìlì ni àyà Jọmílójú já, tí ìka rẹ̀ sì tún fẹ́ kú. Ó pa ojú dé. Ó mí jẹ́jẹ́, ó sinmi, ó tún mí. Nígbà tó lajú, ìwé náà dúró sójú kan níwájú rẹ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Abẹ́ igi lẹ́nu géètì ni Ìyá Julianah jókòó sí láti àárọ̀, kò fi nǹkan kan kan ẹnu.

"Ṣé o sinmi?"

"Mo sinmi, Màmá."

Arúgbó náà fi etí ìró nu ojú. Ìṣòro tí Jọmílójú fi pa mọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó sọ ọ́ ni ọ̀nà là. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, títí kan èémí tí à ń mí.