Ìwọ̀n Ara Ẹ̀gbọ́n Mi

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ara mi fún aṣọ tuntun, ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti kú ni wọ́n bá lára mi.

Aránṣọ kì í wọn ara rẹ̀. Bó bá ti tẹrí ba wo téèpù báyìí, ìwọ̀n ti yẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ obìnrin tó ń bá wa rán bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù pé kó wọ̀n mí. Ó wọn èjìká, ó wọn apá, ó wọn ìbàdí. Ó ṣí ìwé ìwọ̀n wò, ó fi ìka tọ́ka sí ojú ewé ẹ̀gbọ́n mi.

"Àǹtí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "tiwọn náà ni. Kò fi íǹṣì kan yẹ̀."

Èmi tí mo gbẹ bí igi ìṣáná, tí ẹ̀gbọ́n mi tó sanra máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé atẹ́gùn ló máa gbé mi lọ sílé ọkọ! Mo fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bọ́ ilé wa. Nígbà tó kú, Màmá ní kí n fi iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀, kí n wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, àmọ́ ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ni àwọn oníbàárà bá ń pè mí ní Àǹtí Télọ̀, orúkọ tí gbogbo ayé, títí kan Bàbá, ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ́kọ́ ń tún un ṣe fún wọn. Nígbà tó yá, ó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Mo sáré gbalé lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ti ká ibùsùn mi. Àwòrán mi wà lára ògiri pálọ̀, wọ́n fi aṣọ dúdú yí i ká. Bàbá di ọwọ́ mi mú.

"Ṣọkàn gírí, Àǹtí Télọ̀," wọ́n ní. "Àbúrò rẹ ti lọ."

"Bàbá, èmi rèé! Èmi yìí náà ni!"

Wọ́n mi orí, wọ́n wọ yàrá wọn lọ. Mo yíjú sí Màmá. Wọn ò lè wò mí lójú.

"Màmá, kí lẹ ṣe?"

"Mo kúnlẹ̀ létí sàárè rẹ̀," wọ́n ní. "Mo ní kí ẹni tó ń bọ́ wa padà wá. Mi ò mọ̀ pé ara tìẹ ló máa gbà wọlé. Dákun, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣé o rí i pé ilé ti tòrò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. "Màá ránṣọ, màá bọ́ yín," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní kú fún yín. Ẹ pe orúkọ mi."

"Mo ti gbàgbé ẹ̀."

"Ẹ wá a."

Mo jókòó dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi; ẹnu mi fúnra rẹ̀ ṣí láti dáhùn, mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Wọ́n pe ti ìyá wọn. Wọ́n tiẹ̀ pe ti ajá tí a ní tẹ́lẹ̀. Mo takú síbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú mi, wọ́n gbá ojú mi mú, wọ́n sì pe orúkọ mi.

Mo dáhùn. Ohùn mi ni.

Màmá figbe ta, irú igbe tí wọn ò ké lọ́jọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi. "Ó ti kú! Ọmọ mi ti kú!"

Àánú wọn ṣe mí, ó kù díẹ̀ kí n ní kí wọ́n má bínú. Mi ò sọ ọ́. Mo tún dáhùn lẹ́ẹ̀kejì, kó lè dá wọn lójú.