Ìwé Tí Dókítà Sàlíhù Kò Kà Parí

Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, má ṣe máa wá ẹlòmíràn tí ó yẹ kí o fún. Ìwọ ni ó yẹ. Jókòó kí o kà á.

Dókítà Sàlíhù ń kọ́ni ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Jẹ́dà, ìlú tí kò jìnnà sí Mẹ́kà. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ṣe ìrìbọmi nígbà tí ó wà ní ilé ìwé, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní onígbàgbọ́. Onígbàgbọ́ ibo? Orí ìkáámà, ìwé ìgbélùú rẹ̀, nìkan ni ìgbàgbọ́ náà wà. Kì í gbàdúrà. Kì í ṣí Bíbélì àfi bí ó bá ń wá ẹsẹ tí yóò fi gún ènìyàn lára.

Ẹni tí ó ń gún jù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlàájì Salaudeen, tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Lárúbáwá ní Mẹ́kà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ìyá wọn, Múríkàtù, kú nílé. Ìyá yìí ti ń bá Sàlíhù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà Sàlíhù ní kí wọ́n gbé òkú sí mọ́ṣúárì títí òun yóò fi gba ìsinmi, kí òun lè wá ṣe ìsìnkú ńlá. Salaudeen, tí ó wà nílé nígbà náà, sin ìyá ní ọjọ́ náà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Ohun tí ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nìyẹn. Sàlíhù jókòó níbẹ̀ nígbà tí ó sọ ọ́. Síbẹ̀, ó tan irọ́ káàkiri ẹbí pé ẹ̀gbọ́n òun jí òkú ìyá òun sin, ó sì búra pé àwọn kò ní fojú kan ara wọn mọ́.

Wo irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ikú ìyá ló ń dùn ún. Ayẹyẹ tí kò rí ṣe ni.

Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ti rí ohun ìjà. Ó ń kọ ìwé lórí oníwàásù kan tí ó gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ọba àti ìgbìmọ̀ aṣòfin ń bá ara wọn jagun, tí ọmọ ìyá ń pa ọmọ ìyá. Piuritani ni ọkùnrin náà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fẹ́ fọ ìjọ mọ́ kúrò nínú ohun gbogbo tí kò sí nínú Bíbélì. Ó ń tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun aṣòfin kiri, ó sì ń kọ ìwàásù tí wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n ń pín fún wọn kí wọ́n tó lọ jà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbóná. Ó kọ ọ́ pé, “Ẹni tí ó bá ṣàánú ọ̀tá Olúwa ti jalè nínú ilé Olúwa.”

Èyí dùn mọ́ Sàlíhù nínú. Ó ń túmọ̀ àwọn ìwàásù náà sí Yorùbá, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóṣooṣù. Salaudeen kì í fèsì, àfi ní ọjọ́ ọdún, tí ó máa ń kọ ọ́ pé, “Ọlọ́run á ṣọ́ ọ.”

Ní ọjọ́ Tusidé kan, Jelilat, ìyàwó Salaudeen, pe Sàlíhù.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n yín wà ní ilé ìwòsàn. Kíndìnrín wọn méjèèjì ti dákẹ́. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bèèrè.”

“Ẹ sọ fún wọn pé mo gbọ́,” ni Sàlíhù wí, ó sì pa fóònù. Ó ka ọ̀kan nínú ègún oníwàásù náà sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí aláìsàn. Ìwọ tí o ń kà yìí, má mi orí. Ìwọ náà ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún àtúnṣe ní Al-Mahjar, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, sọ́dọ̀ Naheem, mẹkáníìkì kan tí ó ti gba Jésù gbọ́ nílé kí ó tó wá síbẹ̀. Sàlíhù ròyìn ohun tí ó ṣe fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Naheem yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀.

“Dókítà, báwo ni oníwàásù yín ṣe parí ayé tirẹ̀?”

“N ò mọ̀. Ó kọ ìwé kékeré kan lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n kò wúlò fún iṣẹ́ mi.”

“Ọdún mẹ́fà lẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ na ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ò sì mọ ibi tí ó gbé òun fúnra rẹ̀ já sí? Ẹ má bínú sí mi. Àìsàn yín ju ti Àlàájì lọ. Tiwọn, kíndìnrín ni. Tiyín, ọkàn ni, Jésù nìkan ló sì lè wò ó.”

Sàlíhù pè é ní aláìmọ̀wé. Naheem nu ọwọ́, ó padà sábẹ́ ọkọ̀.

Kí ó lè fi hàn pé Naheem kò mọ nǹkan kan, Sàlíhù ṣí àwòrán ìwé kékeré náà lórí fóònù rẹ̀ níbi tí ó jókòó sí. Ohun tí ó kà níbẹ̀ nìyí. Oníwàásù náà ní àbúrò kan tí ó jà fún ọba. Wọ́n mú àbúrò náà, wọ́n tì í mọ́lé, ibà sì dá a dùbúlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun ń kọ ìwàásù lọ́wọ́. Nígbà tí ó fi máa dé ẹ̀wọ̀n náà, wọ́n ti sin àbúrò.

Oníwàásù náà wá kọ ọ́ pé, “Mo wàásù Kristi fún odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun, èmi fúnra mi kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ní ẹni ọgọ́ta ọdún, mo wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lónìí bí ẹni tí kò gbọ́ ìwàásù rí. Ó gbà mí. Ṣùgbọ́n kò sí àbúrò mọ́ tí n óò bẹ̀.”

Sàlíhù tún ibẹ̀ kà. Ó rí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí: òpùrọ́, apànìyàn tí kò mú idà lọ́wọ́, tí ó ń lọ sí ọ̀run àpáàdì pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi lápò. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

“Naheem, jọ̀wọ́, jáde wá. Kí ni kí n ṣe?”

“Jésù ti ṣe é lórí igi àgbélébùú. Ẹ jẹ́wọ́ fún un, kí ẹ sì gbà á.”

Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, nítorí ìlú yẹn kì í ṣe ibi tí a ti ń pariwo irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Sàlíhù ní, “Jésù, ènìyàn burúkú ni mí. Òkú ìyá mi ni mo fi bojú. Gbà mí.” Ó sọkún bí ọmọdé. Nígbà tí ó dákẹ́, ìkórìíra ọdún mẹ́fà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀, ó wá a kò rí i.

Kò dúró. Ó pe Jelilat pé òun ń bọ̀, ó sì kọrí sí ọ̀nà Mẹ́kà.

“Ẹ máa bọ̀,” ni Jelilat wí. “Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní Mùsùlùmí ni yín. Sàlíhù lẹ ṣáà ń jẹ́.”

Níbi tí ọ̀nà ti pín, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Mùsùlùmí nìkan ni kí ó máa lọ tààrà, sọ́jà kan dá a dúró. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ì bá ti purọ́ láìṣẹ́jú. Nísinsìnyí kò lè ṣe é. Ó fi ìkáámà rẹ̀ hàn, ó ní onígbàgbọ́ ni òun. Sọ́jà ní kí ó yí padà.

Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pe fóònù. Jelilat gbé e sí etí aláìsàn.

“Bọ̀dá mi, Sàlíhù ni. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Mo gbọ́ nígbà tí Ìyá sọ ọ́, mo sì parọ́ mọ́ yín. Kristi ti dárí jì mí lónìí. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí.”

Ohùn Salaudeen rẹlẹ̀ nígbà tí ó dáhùn.

“Sàlíhù, ṣé o ti jẹun?”

“Rárá, Bọ̀dá mi.”

“Lọ jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Salaudeen kú. Wọ́n sin ín sí Mẹ́kà, níbi tí ẹsẹ̀ Sàlíhù kò lè dé.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó kù fún Sàlíhù láti fi bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì mọ̀. Tìrẹ ńkọ́? Ìwọ pẹ̀lú orúkọ rẹ nínú ìwé ìjọ, tí o ń fi Bíbélì bú ènìyàn, ta ni ó sọ fún ọ pé ọ̀la ń dúró dè ọ́? Ẹ̀jẹ̀ Jésù lè wẹ̀ ọ́ kí o tó dìde níbi tí o jókòó sí. Ké pè é. Bí o bá sọ pé ó di ìgbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń kọ ìwàásù lọ́wọ́ wí, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.