Bàbá Tó Wá Gba Èènì ní Blackley

Òjò ò rọ̀ ní Blackley nílùú òyìnbó níbí ní Sátidé yẹn, àmọ́ omi ń kán lára bàbá tó kanlẹ̀kùn mi. Mi ò bi í léèrè. Oníbàárà ni oníbàárà. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà ní pálọ̀ mi. Ẹ̀hìndé, ìbejì mi, ló ń fi ránṣẹ́ láti abúlé wa létí òkun.

Ẹja ti sá fún wa tipẹ́ níbẹ̀. Ìgbà táwọn ará abúlé ri búlọ́ọ̀kù ńláńlá àti ọkọ̀ ìpẹja tó ti gbó sínú òkun, kẹ́ja lè rílé gbé, ni wọ́n padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọ̀n dojú kọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Tí àwọ̀n bá há sára búlọ́ọ̀kù, Ẹ̀hìndé ló máa ń mòòkùn lọ tú u.

Bàbá yẹn gbẹ́ja kan, ó gbóòórùn ẹ̀. "Nínú ilé yẹn lẹ ti pa á."

"Ilé wo, bàbá?"

Ó nájà, mo nájà, a fẹnu kò, ó sanwó. "Èènì mi dà?" ló wí, jẹ́jẹ́.

Mo nawọ́ sí páálí tó wà nílẹ̀. "Ẹ mú èyí tó kẹ́hìn dé."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò mú nǹkan kan nínú páálí. "Èyí tó kẹ́hìn dé. Mo ti gbọ́." Ó jáde.

Mi ò kàwé, àmọ́ mo létí ọjà. Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lẹ́nu, orí mi wú. Ẹ̀hìn, dé. Ìbejì mi ni mo fi ṣe èènì.

Mo pe ilé. Àdùnní ìyàwó ẹ̀ ló gbé e. "Bọ̀dá Táyé, àwọ̀n há. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sómi báyìí ni."

Mi ò wá bàtà. Mo bá bàbá ní bọ́sítọ́ọ̀pù, omi ti dágún lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo ki owó ẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Mi ò tà mọ́. Ọjà tá ò tà kì í léènì."

"Ẹ kọ́lé sórí ilẹ̀ mi, ẹ ò bi mí. Ẹ ń kó lójoojúmọ́, ẹ ò jẹ́ kó kù."

"Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bàbá. Àwọ̀n ò ní débẹ̀."

"Mẹ́rin."

"Mẹ́rin kẹ̀? Kí lọmọ wa á wá jẹ? Méjì, bàbá mi. Ẹ bá mi gbà á."

Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ ẹ̀ tutù bí ẹja inú fìríìsà. "Méjì. Tẹ́ ẹ bá yẹ àdéhùn, mo mọlé ẹ."

Mo ṣẹ́jú, mi ò rí i mọ́. Omi nìkan ló kù nílẹ̀.

Ó ṣe díẹ̀, fóònù dún. Ẹ̀hìndé ni, ó ń húkọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbà mí lẹ́nu.

"O ti jáde?"

"Mo ti jáde. Àwọ̀n ló wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo ti ń mumi. Ó kàn ṣàdédé tú."

"Ọlọ́run, o ṣé. Gbọ́, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀..."

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo ti sọ fún wọn. Táyé, mo gbọ́ ohùn ẹ nísàlẹ̀ omi níbẹ̀. O ń nájà."