Bàbá Rẹ̀mílẹ́kún Nínú Ìwé Tíṣà

Lọ́jọ́ tí Rẹ̀mílẹ́kún kọ́kọ́ rí Lucas Olúsọjí, ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà fi ń rìn. Ó kọjú sí odò, ó kẹ̀yìn sí ìlú, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń bọ̀. Nígbà tó dé ìdí ọ̀pẹ kan, ó dúró, ó ya ẹnu, ó sì fi igbe ta: "Ẹ gbà mí o!" Lẹ́yìn náà ni ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò, ó ń kọ nǹkan sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún ń kó ẹ̀gẹ́ tó ti rẹ kúrò nínú omi láti fi ṣe púpurú, oúnjẹ àwọn ará ìlú náà. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń wo ibi tí òun lè sá gbà.

"Ẹ ǹlẹ́ o, arábìnrin," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ má bínú. Ṣé ẹ gbọ́ igbe mi níbi tí ẹ wà?"

"Ta ni kò ní gbọ́? Àwọn ará ìlú Àjàgbà lọ́hùn-ún pàápàá ti gbọ́. Kí ló ń lé yín?"

"Kò sí nǹkan tó ń lé mi."

"Kò sí ohun tó ń lé yín, ẹ wá ń ké ẹ gbà mí?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ họ orí. "Ìwé ni mò ń kọ. Ẹnì kan yóò ké nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa gbọ́. Ẹ ti wá gbọ́ báyìí. Ẹ ti bà á jẹ́ fún mi."

Ẹ̀rín pa Rẹ̀mílẹ́kún. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ó ké lọ́jọ́ tí àwa obìnrin bá ń gún púpurú. Bí odó mẹ́wàá bá ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, Ọlọ́run nìkan ló lè gbọ́ igbe rẹ̀."

Ọkùnrin náà wò ó títí bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá láti ọdún mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá bi í pé, "Kí ni orúkọ yín?"

Ọdún 1963 ni èyí. Tíṣà tuntun ni Lucas ní ilé-ìwé Iyansan, ọmọ Iléṣà tí púpurú kò tíì máa lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ dáadáa. Òun náà ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n rán lọ sílé-ìwé. Òun ń tọ́jú iná ààrò. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú ń kán an láti mọ ohun tó wà nínú Bíbélì tí òun fi ń ṣe ìrọ̀rí.

Kò pẹ́ tó fi mọ bí ayé ọkùnrin yìí ṣe rí. Kí àkùkọ tó kọ ni ó ń jí. Á gbàdúrà, á kọ ojú ewé méjì, á fagi lé ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ti dá ìwé rẹ̀ padà. Bí ó bá ti gbà á, á ka lẹ́tà wọn tán, á ní "Olúwa, mo dúpẹ́," á sì jókòó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún kò rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́dọ̀ àwọn tó ń dẹ pàkúté ẹja.

"Kí ló dé tó jẹ́ ìtàn ẹ̀rù lẹ ń kọ, ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì nínú ìjọ?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

Lucas rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n kan Olúwa mọ́ igi. Lọ́jọ́ Àìkú ó jí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé odidi ọjọ́ Sátidé kọjá, tí wọn kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé yẹn ni mò ń kọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Rẹ̀mílẹ́kún lára. Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ń yí púpurú lórí iná, Lucas á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa ka èyí tó kọ lówùúrọ̀ fún un.

"Tíṣà, púpurú mi ti jó o!"

"Ó dára. Ojú rẹ ni mo fi ń wọn ìtàn mi. Bí púpurú kò bá jó, màá mọ̀ pé ojú ewé yẹn kò dùn."

"Ẹ ti ba odidi ìkòkò kan jẹ́ fún mi lọ́sẹ̀ yìí. Ta ló máa san owó rẹ̀?"

"Ìyàwó ẹni kì í bá ni ṣe ẹjọ́ púpurú."

"Ta ni ìyàwó yín níbí?"

"Má dá mi lóhùn, Rẹ̀mí mi. Mo kàn ti ṣí ojú ewé iwájú wò ni."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àwàdà báyìí ni ọ̀rọ̀ ilé ń jáde lẹ́nu Rẹ̀mílẹ́kún. Ó sọ fún Lucas pé bàbá òun, Bàbá Adéjọbí, kì í wọ oko láìkọ́kọ́ fi ọkọ́ lu òkúta etí oko lẹ́ẹ̀mẹta, kí ejò lè yà lọ́nà. Lucas rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé òun yóò kọ ọ́. Kò sì bi í bóyá òun lè kọ ọ́.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Lucas a máa ka ìwé náà fún àwọn èèyàn nínú yàrá ilé-ìwé. Àwọn kan ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ode-Irele. Nínú ìtàn náà, katikíìsì ìlú kan, ẹni tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìjọ, ti sọnù, wọ́n sì rí fìlà rẹ̀ lójú omi. Àgbà ìjọ kan ló ní kí wọ́n yé wá a nínú odò. Kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀? Kí ló mọ̀?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Lucas kà á pé: "Àgbà náà dé etí oko rẹ̀. Ó fi ọkọ́ lu òkúta lẹ́ẹ̀mẹta, ko, ko, ko. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó tó wọlé."

Gbogbo orí yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo, níbi tí Bàbá Adéjọbí jókòó sí pẹ̀lú Agatha ìyàwó rẹ̀. Ní gbogbo Iyansan, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lucas rò pé ọ̀rọ̀ inú ilé tí ará ìta kò mọ̀ ni. Àlejò kò mọ̀ pé gbogbo ìlú ló ń gbọ́ òkúta yẹn láràárọ̀. Ó pa ìwé dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "Ó di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀." Èyí ló wá burú jù, nítorí odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ó fi bàbá náà sílẹ̀ fún ìlú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá katikíìsì padà, a fẹ́ ṣe ìrìbọmi," ni wọ́n ń wí fún un lọ́jà. Salome, ọ̀rẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn kan kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àgbà ìjọ kan ní Iyansan gan-an bi í ní tòótọ́ ohun tó wà nínú kòtò ẹ̀yìn oko rẹ̀. Ìwé ni ohun tí Tíṣà ń kà, ìwé kì í sì í purọ́, gẹ́gẹ́ bí èrò ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Adéjọbí wọ oko láìlu òkúta.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pe ọmọ rẹ̀. "Mo gbọ́ pé Tíṣà fẹ́ rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti Iléṣà. Sọ fún un kó jẹ́ kí wọ́n jókòó sílé. Ẹni tó sọ mí di apànìyàn lójú ìjọ kò lè pè mí ní àna."

Rẹ̀mílẹ́kún lọ bá Lucas. Kò jókòó.

"Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún yín. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo sọ, ẹ wá gbé e síta. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Bàbá mi lẹ bà."

Ojú Lucas rẹ̀ wálẹ̀. "Rẹ̀mí, mo jẹ̀bi. Ilé ìtẹ̀wé ti kọ̀wé. Wọ́n ní àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí oṣù tó parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwé yìí ni yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ mi, màá fà á ya níṣojú bàbá rẹ."

Ó kó ìwé méje tó kọ ìtàn náà sí jọ lóòótọ́, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n ya. Rẹ̀mílẹ́kún gba wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kọ ìparí rẹ̀?"

"Mo kọ ọ́. Jẹ́ kí n sọ fún ọ..."

"Ẹ má sọ. Èmi fúnra mi ni màá kà á."

Lọ́jọ́ kejì, ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn kò tíì wọ̀, ó gbé àpótí síwájú ilé níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń hun agbọ̀n.

"Bàbá, iṣẹ́ kíláàsì ni o. Wọ́n ní ká máa kà á sókè."

"Máa kà á fún ewúrẹ́."

Rẹ̀mílẹ́kún yí àpótí padà, ó kọjú sí ewúrẹ́. Ó ń kà bí ẹni tó ń fò lórí òkúta sọdá omi: "Ó ti... ilẹ̀... ilẹ̀kùn. Ó ti ilẹ̀kùn. Ẹnì... ẹnì kan... wà..."

"Ẹnì kan wà níbo?" Bàbá bi agbọ̀n ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ewúrẹ́ ni mò ń kà á fún."

Agatha bú sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná.

Tíṣà kò ka ìtàn náà fún ìlú mọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá ti sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ti ń tètè dé láti oko. Ohun tí Tíṣà ń sáré kà ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú márùn-ún ni Rẹ̀mílẹ́kún fi ń kà á, àyà bàbá rẹ̀ a sì máa já láti ọ̀rọ̀ kan dé èkejì. Ó ń bínú sí àgbà inú ìwé náà, ó tún ń gbèjà rẹ̀. "Kò pa á! Ẹni tó bá fẹ́ pààyàn kì í ní kí wọ́n yé wá a. Kà á lọ!"

"Ọ̀rọ̀ yìí gùn, Bàbá."

"Gé e sí méjì, kí o kà á!"

Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló kù kí oṣù parí nígbà tí wọ́n dé ìwé keje. Àgbà náà ti ní kí wọ́n yé wá a nínú odò nítorí ó mọ̀ pé katikíìsì mọ omi wẹ̀ dáadáa. Ẹlòmíràn tó ń jowú ipò rẹ̀ ló tì í sínú kòtò àtijọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àgbà náà, tó lọ ju fìlà rẹ̀ sódò. Ọjọ́ mẹ́rin ni katikíìsì fi wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ó ń gbọ́ ko, ko, ko lókè. Ohùn yẹn ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, pé èèyàn kan ṣì wà láyé tí kò jìnnà. Ó kó ìwọ̀nba agbára tó kù jọ títí di àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún. Bí ọkọ́ ti dún lẹ́ẹ̀kẹta, ó kígbe. Àgbà náà sì sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó sáré.

Rẹ̀mílẹ́kún pa ìwé dé. Bàbá Adéjọbí gbé agbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Agatha, èéfín púpurú rẹ ti pọ̀ jù," ni ó wí. Kò sí iná nínú ààrò lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe Lucas. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò ṣàlàyé kankan.

"Bàbá, mo jẹ̀bi. Mo mú ọ̀rọ̀ yín láìbéèrè. Màá yọ ọkọ́ àti òkúta kúrò nínú rẹ̀ pátápátá kí n tó fi ránṣẹ́."

"Yọ kí ni?" Bàbá dìde dúró. "Kí katikíìsì wá kú sínú kòtò? Orí rẹ pé ṣá?"

Agatha tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Ó dùn mí gan-an. Bí o bá ti bi mí, màá gbà fún ọ. Ìjọ gbọ́ apá tó bà mí lórúkọ jẹ́. Kí wọ́n gbọ́ ìyókù. Rẹ̀mílẹ́kún ni yóò kà á."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Lọ́jọ́ Àìkú, Rẹ̀mílẹ́kún dúró níwájú gbogbo wọn, ó sì ka ìwé keje dé òpin. Nígbà tí àgbà náà sọ ọkọ́ sílẹ̀ tó sáré, ìlú dìde, wọ́n ń kígbe "Bàbá Adéjọbí!" Ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ kòtò lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá dì mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Ajé, ìwé méje náà wọ ọkọ̀ Ìbàdàn.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n kà á, inú Lucas ti dùn débi pé ó bi Bàbá níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bóyá kí àwọn ará Iléṣà máa bọ̀.

Bàbá wo ọ̀run, ó wo ilẹ̀. "Ó di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ méje yẹn, Tíṣà kò lè kọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, Bàbá ní, "Kí wọ́n máa bọ̀. Mo kàn fẹ́ kí o mọ bí ó ṣe ń rí lára wa ni."

Lucas sáré bá Rẹ̀mílẹ́kún létí odò. "Bàbá ti gbà! Ṣùgbọ́n ìwọ ni ẹnikẹ́ni kò tíì bi, ayanfẹ́ mi. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Rẹ̀mílẹ́kún nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà ni ó ṣe ń ronú.

"Màá máa bá yín sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, Tíṣà. Bí mo bá ń ṣọ́ ẹnu mi nínú ilé ara mi, mi ò ní lè gbé ibẹ̀. Ohunkóhun tí mo bá sọ fún yín, kí ẹ bi mí kí ẹ tó kọ ọ́."

"Mo ṣèlérí níwájú Ọlọ́run."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Lucas jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Rẹ̀mílẹ́kún gba bébà náà, ó kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kankan, kò sì yára. Ọkùnrin náà ń wo ètè rẹ̀ títí ó fi kà á tán.

Ó ká bébà náà, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ẹ kọ̀wé sí Iléṣà," ó ní. "Ẹ sọ fún ìyá yín pé mo gbà."