Gílóòbù Ejò Gbémiga

Ọwọ́ méjì ló jọ ba gílóòbù kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́. Ọwọ́ kan jẹ́ ti Gbémiga, télọ̀ tí téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti Moríyọ̀, adúmáadán ará Oǹdó tí ìyẹ́ adìẹ há sí irun rẹ̀, tí ẹ̀rín rẹ̀ sì lè mú èèyàn gbàgbé ohun tó wá rà. Gílóòbù àtijọ́ ni, irú èyí tó máa ń gbóná, tí kò wọ́pọ̀ mọ́.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Òtútù ń pa òròmọdìẹ mi."

"Ó ń pa ejò tèmi náà."

"Ejò kẹ̀!"

Gbémiga ní kó máa mú un lọ, bó bá lè fún òun ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹ ò rí ọgbọ́n télọ̀!

Erè kékeré kan ni ejò náà. Àwọn tó ń ṣán igbó ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fẹ́ sun ún jẹ ni Gbémiga bẹ̀ wọ́n, ó sì kan àpótí gíláàsì fún un. Ó rí gílóòbù mìíràn rà, àmọ́ ọyẹ́ dé, inú àpótí gbẹ táútáú, awọ ejò wá ń ṣí ní wẹ́wẹ́. Ó pe Moríyọ̀.

"Ooru nìkan ò tó, jàre. Níbi tí a ti ń pa ẹyin, a máa ń gbé abọ́ omi sí i. Rẹ àgékù aṣọ sómi, fi í sí igun kan, kó o dá ihò sí ìdérí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé."

Kò pẹ́ tí ejò fi bọ́ awọ lódindi bí ẹni bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Inú Gbémiga dùn débi pé ó wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, ó mú awọ náà dání.

"Ọkùnrin wo ló ń mú awọ ejò wá kí ọmọge?"

"Èyí tó nífẹ̀ẹ́ rẹ ni."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, eléjò mi."

Ìyá Moríyọ̀ ló ta kú. "Èmi tí mò ń sin adìẹ, kí n fọmọ fún eléjò? Kó yan ọ̀kan: ejò tàbí Moríyọ̀!"

Ní Sátidé kan, Gbémiga gbé àpótí náà dé ilé wọn, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mà, mo ti yan. Láti ibí, inú igbó ni mò ń gbé e padà lọ."

Moríyọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. "O ò lọ ibì kankan. Ohun tó dàgbà nínú gíláàsì, ta ni yóò tan iná fún un nígbó? Ẹni tó lè jù ú nù nítorí mi lónìí, ó lè ju èmi náà nù lọ́la."

Ìyá na ọrùn wo àpótí náà láti òkèèrè. Ó rí ihò tó wà lára ìdérí, ó rí aṣọ tútù ní igun.

"Ta ló kọ́ ọ ní ti omi yìí?"

"Moríyọ̀ ni, mà."

"Ta ló kọ́ Moríyọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Ìyá fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Háà! Àṣé èmi gan-an ni mo ń bá yín wo ejò látọjọ́ yìí!"

Gbémiga dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde jàre. Lọ pe àwọn ẹbí rẹ wá tọrọ ìyàwó. Àmọ́ Àkúrẹ́ ni ejò yín yóò máa gbé o. N ò fẹ́ ẹ lágbàlá mi."

Moríyọ̀ di ọwọ́ Gbémiga mú. "Màámi, lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ta ni yóò bá wa rẹ aṣọ ejò sómi?"

Ìyá pòṣé. "Ẹ gbé e wá. Ẹ sì má gbàgbé gílóòbù ẹ̀."