Oníbéèrè àti Pápá Olówó Pọ́ọ́kú

Ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ gbé bàálù kékeré rẹ̀ balẹ̀ sí pápá wọn, kò kí ẹnikẹ́ni tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó wo àwọn igi tó wà ní ìpẹ̀kun ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé, ó mi orí. Ọmọbìnrin tó jẹ́ akọ̀wé pápá náà ń wò ó láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì. Ara fu ú. Ó ní bí ẹni yìí kò bá jẹ́ olè, á jẹ́ ẹni tó fẹ́ fọgbọ́n ra ilẹ̀ bàbá òun.

Bàbá rẹ̀ ló ni pápá. Kò ju ojú ọ̀nà ọlọ́dà kan ṣoṣo lọ, àti ilé páànù tí bàálù ń sùn sí, táǹkì epo, àti ọ́fíìsì kan tí rédíò wà lórí tábìlì rẹ̀. Àmọ́ kò jìnnà sí ìlú ńlá, owó rẹ̀ kò sì wọ́n bíi ti pápákọ̀ àárín ìlú tó ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn oníbàálù kékeré.

Ọkùnrin náà wọlé. "Ẹ káàsán o. Ẹ̀yin lẹ dá iye yẹn lé e lórí fóònù?"

"Èmi ni."

"Fún oṣù kan? Kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan?"

"Fún oṣù kan, sà."

Ó wo òrùlé, ó wo rédíò, ó wá wo ojú akọ̀wé. "Kí ló dé tó fi pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀? Kí ló ń ṣe pápá yìí?"

"Kí ló ń ṣe ẹ̀yin náà?" Akọ̀wé fún un lésì kíá. "Ẹni tó lówó bàálù, tó wá ń ná owó ibi tó máa gbé e sí bí ẹni ń ná tòmátì."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Àwa mẹ́ta la jọ dáwó rà á, ó sì dàgbà jù mí lọ. Olùkọ́ ni mí. Gbogbo pápá tó yí ìlú yìí ká ni mo ti béèrè dé, mi ò tíì rí èyí tó pọ́ọ́kú tí kò ní ẹ̀tàn nínú."

"Ẹ máa wá a lọ nígbà náà."

Kò wá a lọ. Ó gbé bàálù rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń béèrè lọ. Ta ló ń gé koríko? Ṣé ajá máa ń sá gba ojú ọ̀nà kọjá? Ṣé omi kì í wọ inú epo yín? Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, obìnrin tó ń bojú tó táǹkì epo, sọ ọ́ ní Oníbéèrè, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Kò pẹ́ tí Oníbéèrè fi ń jókòó pẹ́ ní ọ́fíìsì lẹ́yìn tó bá ti so bàálù rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán. Ó ń pe ọmọbìnrin náà ní "Akọ̀wé mi". Akọ̀wé sì rí i pé etí òun ti mọ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo bàálù yòókù. Inú rẹ̀ dùn sí i, ẹ̀rù sì bà á.

Ẹ̀rù náà kò ṣàdédé wá. Oníbàálù kan ti wà rí tó ṣèlérí ìgbéyàwó fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun máa padà wá jẹun ọ̀sán, ó gbéra, kò sì padà mọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbọ́ pé ó ní pápá míì, ó sì ní obìnrin míì níbẹ̀.

"Ọmọ mi ò tún ní fẹ́ oníbàálù mọ́," Bàbá wí. "Onímọ́tò, mo gbà. Tí onímọ́tò bá sá lọ, ó kéré tán, a ó rí ipa táyà rẹ̀."

Nígbà tó di pé Oníbéèrè ń gbé bàálù rẹ̀ jáde ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Akọ̀wé béèrè ibi tó ń lọ. "Mò ń lọ wo màmá mi," ló wí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkànnì kan náà ni gbogbo pápá kéékèèké ẹ̀bá ìlú náà jọ ń lò lórí rédíò. Ẹni tó bá fẹ́ balẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti fẹ́ balẹ̀, kí bàálù méjì má baà kọlu ara wọn. Bí Akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ nìyẹn: Oníbéèrè ń sọ pé òun ń bọ̀ wá balẹ̀ ní pápá òdìkejì odò. Ohùn obìnrin kan sì dáhùn, ó dùn bí oyin: "Ẹ káàbọ̀ o, oníbàárà mi. A ti ń retí yín."

Akọ̀wé na ọwọ́, ó pa rédíò. Kò fẹ́ gbọ́ ìyókù.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, bákan náà. Gbogbo ìgbà tí ohùn obìnrin náà bá ti dún, á pa rédíò.

"Ó ti rí ibi tó pọ́ọ́kú ju tiwa lọ," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Gbogbo ìbéèrè yẹn, o rò pé lásán ni?"

"Ó lè jẹ́ màmá rẹ̀ lóòótọ́."

"Màmá tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọge? Àbúrò, lajú ẹ."

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí Oníbéèrè ṣe tí kò mú ìfura dání. Ó dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ tiwọn kò sì pupa. Ó béèrè ọjọ́ tí Bàbá máa ń wà nílé, Akọ̀wé ní ó fẹ́ mọ ìgbà tó máa sá lọ ni. Ó mú un lọ́wọ́, Akọ̀wé fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ohùn Oníbéèrè dé: "Mo ti ń bọ̀ nílé o, Akọ̀wé mi."

Akọ̀wé tẹ rédíò. "Pápá wa ti kún. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀."

Gbogbo oníbàálù agbègbè náà ló gbọ́. "Mo gbọ́," Oníbéèrè wí. Ìró ẹ́ńjìnnì náà kọjá lórí òrùlé wọn, ó sì lọ.

Bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé rò pé inú rẹ̀ máa dùn. "Pápá wa ò kún," ni gbogbo ohun tó sọ.

Oníbéèrè kò pè lórí fóònù, Akọ̀wé náà kò pè é. Oorun dá lójú rẹ̀. Nígbà tí Sátidé pé, ó yá mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wakọ̀ yí odò po. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí obìnrin náà, kí ọkàn rẹ̀ lè sinmi.

Ó rí i. Arúgbó ni, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká.

"Ta lò ń wá, ọmọ mi?" Ohùn oyin náà ni.

"Ọkùnrin kan tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀, mà."

"Háà! Ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró!" Arúgbó náà nawọ́ sí aṣọ pupa kan tí wọ́n ta mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà gígùn kan tí ilẹ̀ ẹ̀bá rẹ̀ pupa. "Òun ló wọ̀n ọ́n. Ó ní pápá tí ìyàwó òun wà kò gùn jù báyìí lọ, igi ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá ti kọjá aṣọ, ó ti kó sínú igi nìyẹn."

"Ìyàwó rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní akọ̀wé ni wọ́n níbẹ̀."

Bàálù Oníbéèrè yọ. Ó bà, ó sáré, ó dúró kí ó tó kan aṣọ. Akọ̀wé ti ń sá lọ bá a.

Oníbéèrè sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ le. "Wọ́n ní pápá yín ti kún."

"Kí lo ń ṣe níbí?"

"Ẹ̀yìn pápá yìí ni ilé màmá mi wà. Mo fẹ́ gbé wọn wá kí Bàbá. Mo ní tí Bàbá bá rí i pé mo gbé ìyá mi balẹ̀ síwájú wọn, wọ́n á mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó máa fò lọ. Àmọ́ pápá yín kúrú, ẹ̀mí ìyá mi sì kọ́ ni mo máa fi kọ́ṣẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣebí o gbọ́ gbogbo ẹ̀? Mo máa ń pariwo lórí rédíò pé mo tún ti kọjá aṣọ. Mo rò pé o ń ṣàánú mi ni o ò fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo máa ń pa á. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn obìnrin yẹn, mo máa ń pa rédíò."

"Èmi tí mò ń béèrè títí dórí koríko, o ò lè bi mí ní ẹyọ ìbéèrè kan?"

Omijé bọ́ lójú Akọ̀wé. "Mo bẹ̀rù ìdáhùn ẹ ni. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ débi pé mo yàn kí n lé ẹ lọ kí ìwọ tó fi mí sílẹ̀. Dárí jì mí, olólùfẹ́ mi."

Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ nu omijé ojú rẹ̀, epo ẹ́ńjìnnì sì kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ tí Màmá máa dé, Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà, ó káwọ́ pọ̀ sáyà. Bàálù náà bà, ó dúró, igi ṣì jìnnà sí i. Màmá sọ̀ kalẹ̀ ní dídi ojú, ó ń táràrà títí ó fi rí ọwọ́ Bàbá dìmú.

"Ẹ̀yin ni bàbá ọmọ náà?"

"Èmi ni. Ẹ kú ewu, Màmá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lọ́mọ yín. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, ọmọkùnrin yìí á ní ká tún padà wá bẹ̀ yín, èmi ò sì tún wọ nǹkan yìí mọ́ láyé mi."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí koríko. Nígbà tó mí tán, ó ní òun ti fún wọn.

Akọ̀wé ló fi mọ́tò gbé Màmá padà sílé. Lójú ọ̀nà, Màmá yíjú sí i, ó ní, "Ṣé ọmọ mi yìí dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Màmá," Akọ̀wé wí, ó sì ń bá ọkọ̀ wíwà rẹ̀ lọ.