Búlúù Tó Kọ̀ Tí Kò Gbẹ

Ọ̀dà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún lára àwòrán kì í lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ó ń lẹ̀, wọn á ní kó lọ sinmi. Ohun tí Àǹtí Ọ̀dà náà sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tó fọwọ́ kan àwòrán kan, tó rí búlúù lórí àtàǹpàkò rẹ̀, tó tutù, tó ń rùn bí òróró.

Àǹtí Ọ̀dà ni wọ́n ń pè é nílé àkójọ àwòrán àtijọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Tirẹ̀ ni láti bu èérún ọ̀dà lára àwòrán, kó fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì sọ ìgbà tí wọ́n yà á. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ọmọ kì í sì í dàgbà ju ìyá tó bí i lọ. "Ọ̀dà kì í purọ́," ló máa ń wí, "èèyàn ló ń purọ́."

Obìnrin kan ló jókòó létí fèrèsé nínú àwòrán yìí, ó gbé ọmọ lé itan, aṣọ búlúù bo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Gbogbo ayé gbà pé iṣẹ́ ọ̀gá ayàwòrán kan tó ti kú tipẹ́ ni, àti pé ọmọ ọ̀gá náà ni ọmọ inú rẹ̀. Bàbá aránṣọ kan ṣoṣo ló yarí. Ìyá rẹ̀ ló ń lọ ọ̀dà fún ọ̀gá yẹn, òun ló ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ìyá náà ní lẹ́yìn tí wọ́n sin ọ̀gá òun lòun fọwọ́ ara òun yà á. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Onírọ́, orúkọ yẹn ló sì bá a dé sàréè.

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọn ó kan orúkọ mọ́ abẹ́ rẹ̀," bàbá náà ti sọ fún un. "Ọmọ mi, tẹ́ ẹ bá ní iṣẹ́ ọ̀gá ni, a jẹ́ pé òpùrọ́ ni ìyá mi lọ sọ́run."

Àánú rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe? Òfin iṣẹ́ wọn ni pé etí àwòrán, lábẹ́ férémù, ni wọ́n ti ń bu ọ̀dà, kí wọ́n má bàa dá ọgbẹ́ sí i láàárín. Funfun àti búráùn ló wà létí yẹn, méjèèjì sì ti wà nígbà ayé ọ̀gá. Ìwé tó ní iṣẹ́ ọ̀gá ni ti ṣe tán. Ó ku kó buwọ́ lù ú.

"Ta ló ń fi àwòrán yìí ṣeré?" ó rọra bi bàbá tó ń ṣọ́ yàrá náà.

"Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, Àǹtí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Àbí ẹ rò pé èmi ni? Èmi tí n kò lè ya ẹyin!"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún tutù. Lọ́jọ́rú, òórùn òróró ti pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni. Orí rẹ̀ wú. Ojú kan náà ló ti tutù, lórí aṣọ tó bo ẹsẹ̀ ọmọ. Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó ti gíláàsì bọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní ọdún méjì lẹ́yìn ikú ọ̀gá ni búlúù yìí tó jáde.

Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi wálẹ̀. Ṣebí ọ̀dà tútù nìyí? Ta ni kò ní sọ pé àná ni wọ́n kùn ún síbẹ̀? Àfi kó gé e láàárín gan-an. Tí kò bá sì rí nǹkan kan, ó ti ba ohun olóhun jẹ́ nìyẹn. Ó ránṣẹ́ pe bàbá aránṣọ kó wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìṣojú bàbá náà ló ti gé e. Èérún tó gé kò tó hóró iyanrìn. Lábẹ́ awò, ìpele rẹ̀ yọ bí ti àlùbọ́sà: òróró tí wọ́n fi ń bo àwòrán kó lè máa dán ló wà lókè, ó ti pọ́n fún ọjọ́ orí, kò sì sán níbì kankan. Búlúù wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbẹ bí òkúta, ó ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú funfun ìsàlẹ̀. Ìgbà kan náà ni wọ́n kùn wọ́n. Níbo wá ni èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ti wá? Títí dòní, kò tíì rí ìdáhùn.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ orí ẹsẹ̀ ọmọ nìkan ló ń tutù?" bàbá náà béèrè jẹ́jẹ́.

Òun náà fẹ́ mọ̀. Ó gbé kámẹ́rà tó ń wo abẹ́ ọ̀dà wá. Lábẹ́ aṣọ búlúù, ẹsẹ̀ ọmọdé tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà yọ díẹ̀díẹ̀. Ó ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì. Ó tún un kà.

"Bàbá, mẹ́fà ni."

Bàbá aránṣọ fa àga kan sún mọ́ra. Ó jókòó, ó tú okùn bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lé ilẹ̀. Ìka mẹ́fà.

"Wọ́n ní ọmọ ọ̀gá ni," ó wí, omijé ti bọ́. "Èmi ni! Ìyá mi ya ẹsẹ̀ náà pé, ó wá fi aṣọ bò ó kí wọ́n má bàa fi mí ṣẹlẹ́yà. Ìyá mi ò purọ́ o!"

Ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Àǹtí Ọ̀dà náà ń sunkún, ó sì ń ya ìwé tó ti kọ tẹ́lẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Fóònù bàbá náà dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, láti ilé. Kò dúró gba ìkíni.

"Àbúrò mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tòògbé lórí àga nísinsìnyí ni Màmá wọlé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n pè ẹ́ kíákíá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kó o wọ bàtà rẹ padà, pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù."